Kí Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Tó Wọlé ní Arusha

Nígbà tí ẹjọ́ bá ti parí sí iwájú ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ nílẹ̀ ẹni, tí ẹni tí ìjọba fìyà jẹ sì gbà pé òun kò tíì rí ẹ̀tọ́ òun gbà, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ó kù kí a gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Lóòótọ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ náà ni Ilé-ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ìlú Arusha ní orílẹ̀-èdè Tànsáníà ni ó fìdí kalẹ̀ sí, adájọ́ 11 ni ó sì ní. Ìlú Ouagadougou ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn tí ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1998, àdéhùn náà fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2004, àwọn adájọ́ àkọ́kọ́ sì búra ní ọdún 2006.

Ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí ilé-ẹjọ́ yìí dá kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí bóyá wọ́n fi ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni dù ú. Ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Ṣáàdì kan tí ń jẹ́ Michelot Yogogombaye pe orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl lẹ́jọ́, ó fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ dá ìgbẹ́jọ́ Hissène Habré, ààrẹ Ṣáàdì tẹ́lẹ̀, dúró. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2009, àwọn adájọ́ ní àwọn kò ní àṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí Sẹ̀nẹ̀gàl kò tíì kọ ìwé tí ó yọ̀ǹda kí ẹnì kan ṣoṣo lè pe òun lẹ́jọ́ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí sí ẹnu ọ̀nà, tí olùpẹ̀jọ́ á sì padà sílé láìmọ ohun tí ó dé bá òun. Nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ àlàyé yìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ilé-ẹjọ́ máa ń bi ara rẹ̀, ó sì máa ń bi wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Ǹjẹ́ a ní àṣẹ lórí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ àti lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé wá? Bí a bá ní àṣẹ, ǹjẹ́ ẹjọ́ náà yẹ ní gbígbà wọlé bí wọ́n ṣe gbé e wá àti ní àkókò tí wọ́n gbé e wá? Bí ó bá yẹ, ta ni ó jàre? Ìbéèrè kejì ni àwọn amòfin ń pè ní ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé ẹjọ́, òun ni ó sì máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù, nítorí bí ilé-ẹjọ́ bá sọ pé ẹjọ́ kò ṣeé gbà wọlé, etí ẹni tí ó pẹjọ́ á máa gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní irọ́ ni ó ń pa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí wọ́n lù, tí wọ́n tì mọ́lé láìtọ́, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ rẹ̀, lè ní ẹjọ́ tí kò ṣeé gbà wọlé, kí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ sì jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Bó bá sì jẹ́ pé àwọn ilé-ẹjọ́ kan kù nílé tí kò tíì tọ̀, ó lè padà lọ tọ̀ wọ́n, kí ó tún wá.

Kí a tó dé ibi ìgbàwọlé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àṣẹ kúrò lọ́nà, nítorí ó kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Kò tó pé orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí àdéhùn tí ó dá ilé-ẹjọ́ náà sílẹ̀. Abala 34, ìlà kẹfà, nínú àdéhùn náà sọ pé orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ tún kọ ìwé ìyọ̀ǹda ọ̀tọ̀ kí ẹnì kan ṣoṣo tàbí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti ìjọba tó lè pè é lẹ́jọ́ níbẹ̀ ní tààràtà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn náà láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n kò kọ ìwé ìyọ̀ǹda yìí. Agbẹjọ́rò Fẹ́mi Fálànà gbìyànjú láti jà á ní ọ̀nà mìíràn, ó pe Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́ pé ìlà tí ń béèrè ìwé ìyọ̀ǹda yìí lòdì sí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ní ọdún 2012 èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ sọ pé Àjọ náà kò sí lára àwọn tí a lè pè lẹ́jọ́ níwájú àwọn.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kọ ìwé ìyọ̀ǹda tirẹ̀ ní ọdún 2016, ó sì yọ ọwọ́ ní ọdún 2020. Rùwáńdà ti ṣe irú rẹ̀ ní 2016, Tànsáníà tí ilé-ẹjọ́ náà wà nílẹ̀ rẹ̀ ṣe é ní 2019, Côte d'Ivoire ní 2020, Tùnísíà sì ṣe é ní 2025. Ó dùn mí pé bó ti jẹ́ nìyẹn, nítorí àwọn aráàlú kọ́ ni ó yọwọ́. Síbẹ̀ àwọn adájọ́ ti là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ tí Victoire Ingabire pe Rùwáńdà pé ìyọwọ́ kò lè múlẹ̀ títí di ẹ̀yìn ọdún kan tí wọ́n ti fi lélẹ̀, kò sì lè pa ẹjọ́ tí ó ti wà níwájú ilé-ẹjọ́ tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú kan ṣì wà fún ẹni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò yọ̀ǹda. Ìgbìmọ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí ó wà ní ìlú Banjul ní Gáḿbíà, máa ń gba ẹ̀sùn láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni láìbéèrè ìwé ìyọ̀ǹda, Ìgbìmọ̀ yìí fúnra rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ẹjọ́ lọ sí Arusha. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn Ogiek tí ń gbé inú igbó Mau ní Kẹ́ńyà ṣe dé ibẹ̀. Kẹ́ńyà kò yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n nítorí pé Ìgbìmọ̀ ni ó gbé ẹjọ́ náà wá, ilé-ẹjọ́ gbọ́ ọ, ó sì dá àwọn Ogiek láre ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2017. Ìdí nìyí tí òfin ìgbàwọlé fi kan ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú, nítorí òfin kan náà ni Banjul àti Arusha ń lò. Ó wà nínú abala 56 ti Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, ilé-ẹjọ́ sì tún un kọ sínú ìlànà tirẹ̀.

Nǹkan méje ni abala náà kà sílẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì gbọ́dọ̀ pé. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá yẹ̀, ẹjọ́ ti bọ́ nìyẹn. Bí ìjọba tí a pè lẹ́jọ́ kò bá tilẹ̀ lanu sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ilé-ẹjọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Mélòó kan nínú wọn kò le. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ó gbé wá gbọ́dọ̀ bá ìwé ìdásílẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti Ìwé Àdéhùn náà mu, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tí wọ́n fi dun ènìyàn lóòótọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ìròyìn inú ìwé ìròyìn, rédíò tàbí tẹlifíṣàn nìkan ni ó fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ ró. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà "nìkan": nínú ẹjọ́ tí ààrẹ Gáḿbíà tẹ́lẹ̀, Dawda Jawara, gbé wá sí Banjul lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1994, Ìgbìmọ̀ sọ pé ìwé ìròyìn kì í ṣe èèwọ̀, bí ẹ̀rí mìíràn bá ti wà pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fọkàn sí ni ọ̀rọ̀ èébú. Ìwé ìpẹ̀jọ́ kò gbọdọ̀ bú orílẹ̀-èdè tí a pè lẹ́jọ́, tàbí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba rẹ̀, tàbí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan ní Kamẹrúùnù gbé ẹ̀sùn tí ó wúwo gan-an lọ sí Banjul, ṣùgbọ́n ó pe ìjọba ní ìjọba àwọn ọ̀daràn àti adánilóró nínú ìwé rẹ̀, Ìgbìmọ̀ sì kọ ẹ̀sùn náà ní ọdún 1997. Ní èrò tèmi, ìlà yìí le jù fún ẹni tí ara ń ta, nítorí ẹni tí wọ́n dá lóró kò mọ orúkọ mìíràn tí yóò pe ẹni tí ó dá a lóró. Ṣùgbọ́n òfin ni. Kí a kọ ohun tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ẹni tí ó ṣe é, kí a sì fi orúkọ tí ó yẹ wọ́n sílẹ̀ fún àwọn adájọ́ láti pè.

Ìlà karùn-ún ni ó ń fa wàhálà jù, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí. Ó sọ pé olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ ti tọ gbogbo ọ̀nà àtúnṣe tí ó wà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ tán kí ó tó wá, àyàfi bí ó bá hàn kedere pé wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn ju bó ti yẹ lọ. Àwọn kan gbà pé ìjọba ni wọ́n fi ìlà yìí dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìlà náà fi wà kò jìnnà sí ohun tí àwa náà mọ̀, pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí àwọn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ kan kò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá, wọn kò tíì ní àǹfààní láti tún un ṣe, a kò sì lè sọ pé orílẹ̀-èdè náà kọ̀ láti tún un ṣe. Arusha kò rọ́pò ilé-ẹjọ́ ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń dúró sí.

Àmọ́ kí ni a ń pè ní ọ̀nà àtúnṣe? Ilé-ẹjọ́ ni a ní lọ́kàn ní pàtàkì. Ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà, lẹ́tà sí ilé aṣòfin, tàbí ìpàdé pẹ̀lú àwọn àgbààgbà kò sí lára ohun tí a ń béèrè. Nínú ẹjọ́ tí Christopher Mtikila pe Tànsáníà nítorí òfin tí kò jẹ́ kí ènìyàn díje fún ipò láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú, ìjọba wí pé ó yẹ kí ó dúró de iṣẹ́ tí ilé aṣòfin ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, àwọn adájọ́ fèsì pé ọ̀nà ilé-ẹjọ́ ni òfin ń sọ, kì í ṣe ọ̀nà òṣèlú. Kì í sì ṣe gbogbo ohun tí ó ń jẹ́ ọ̀nà ilé-ẹjọ́ náà ni ó pọn dandan. Ẹlẹ́wọ̀n kan tí ń jẹ́ Alex Thomas ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, èyí tí ó ga jùlọ ní Tànsáníà. Ìjọba ní ó tún yẹ kí ó bẹ ilé-ẹjọ́ kan náà pé kí ó tún ìdájọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, kí ó sì gbé ẹjọ́ mìíràn kalẹ̀ lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Arusha sọ pé àrà ọ̀tọ̀ ni méjèèjì nínú ètò ìdájọ́ Tànsáníà, wọn kò sí lára ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń tọ̀, kò sì di dandan.

Ohun mìíràn tí ó tuni lára jáde nínú ẹjọ́ Thomas yìí kan náà. Ìjọba fi ẹ̀sùn kàn án pé àwọn ẹ̀tọ́ kan tí ó dárúkọ ní Arusha, kò dárúkọ wọn nílé. Ilé-ẹjọ́ dáhùn pé àwọn ẹ̀tọ́ tí ó so mọ́ ìgbẹ́jọ́ òdodo wà ní ìdì kan, bí ilé-ẹjọ́ ilé bá ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ó ti ní àǹfààní láti rí wọn, bí olùpẹ̀jọ́ kò tilẹ̀ pe orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ara lé èyí ju bó ti yẹ lọ. Bí ẹjọ́ tí a pè nílé bá jẹ́ lórí owó oṣù, tí a wá dé Arusha tí a ń sọ̀rọ̀ nípa lílù àti ìdálóró ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìdì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nílé ni ó ti yẹ kí agbẹjọ́rò máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé rẹ̀.

Òfin mọ̀ pé ọ̀nà lè wà lórí ìwé kí ó má sì wà ní ayé. Nínú ọ̀rọ̀ Jawara tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, Ìgbìmọ̀ gbé òṣùwọ̀n mẹ́ta kalẹ̀ ní ọdún 2000 tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ wà ní àrọ́wọ́tó, èyí ni pé olùpẹ̀jọ́ lè tọ̀ ọ́ láìsí ìdíwọ́. Ó gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́, kí ìrètí wà pé ó lè yọrí sí rere. Ó sì gbọ́dọ̀ tó, kí ó lè tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí ó sá kúrò nílùú nítorí ẹ̀mí rẹ̀, tí ìjọba ológun sì ti fi òfin gba agbára lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́, a kò lè sọ fún un pé kí ó padà lọ pẹjọ́ nílé, nítorí náà wọ́n gba ẹ̀sùn Jawara wọlé.

Ní ti ìfàgùn, ẹjọ́ Norbert Zongo ni àwòkọ́ṣe. Akọ̀ròyìn ni, wọ́n sì pa òun àti àwọn mẹ́ta tí ó bá a rìn ní Bùrkínà Fasò ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 1998. Ìwádìí fà, ó fà, ó fà títí di ọdún 2006 tí adájọ́ kan pa fáìlì dé, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fara mọ́ ọn. Àwọn ẹbí kò gbé e dé ilé-ẹjọ́ tí ó gajù, ìjọba sì di èyí mú. Arusha ní nígbà tí ó ti gba nǹkan bí ọdún mẹ́jọ láti dé ibi tí ó dé, kò sí ìdí tí àwọn ẹbí fi gbọ́dọ̀ tún máa bá a lọ, ó sì dá wọn láre ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2014.

Ní ọjọ́ kan náà gan-an, ilé-ẹjọ́ yìí kọ ẹjọ́ Peter Chacha, ọmọ Tànsáníà kan tí ọlọ́pàá mú tí wọ́n sì gba ẹrù rẹ̀. Ó ti lọ sí ilé-ẹjọ́ nílé, ṣùgbọ́n kò tọ ọ̀nà tí òfin ilẹ̀ rẹ̀ là sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé wọn kò mú un tàbí pé wọn kò gba ẹrù rẹ̀. Bí a bá gbé ìdájọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé kò tó kí olùpẹ̀jọ́ máa sọ pé òun mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ òun kò lè ṣe nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ gbìyànjú, tàbí kí ó fi ẹ̀rí hàn pé ìgbìyànjú kò lè so èso.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àkókò. Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù fún ènìyàn ní oṣù 4 péré láti ọjọ́ ìdájọ́ ìkẹyìn nílé, bẹ́ẹ̀ oṣù 6 ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dín in kù ní ọdún 2022. Ti Áfíríkà kò dárúkọ oṣù kankan, ohun tí ó sọ ni pé kí ó jẹ́ láàárín àkókò tí ó bọ́gbọ́n mu. Wọ́n ń wo ipò ẹni kọ̀ọ̀kan: Alex Thomas lo ohun tí ó ju ọdún 3 lọ, wọ́n gbà á, nítorí pé ó wà lẹ́wọ̀n, kò lówó, kò sì mọ òfin. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n méjì mìíràn, Godfred Anthony àti Ifunda Kisite, lo ọdún 5 àti oṣù 4, wọn kò sì ṣàlàyé tí ó tẹ́ ilé-ẹjọ́ lọ́rùn lórí ohun tí ó dá wọn dúró, nítorí náà ẹjọ́ wọn kò wọlé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Bí ìdájọ́ ìkẹyìn nílé bá ti wáyé kí orílẹ̀-èdè náà tó kọ ìwé ìyọ̀ǹda, ọjọ́ tí ó kọ ìwé náà ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá pẹ́ kọ ìdí tí ó fi pẹ́ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ láìdúró kí wọ́n bi í, kí ó sì fi ẹ̀rí tì í.

Ìlà tí ó kẹ́yìn ni pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti yanjú níbòmíràn lábẹ́ òfin àgbáyé. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ilé-ẹjọ́ ECOWAS tí ó wà ní Àbújá, tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pa pọ̀ mọ́ ti Arusha. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ṣàtúnṣe àdéhùn rẹ̀ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀, ohun méjì pàtàkì ni ó sì ń béèrè: kí olùpẹ̀jọ́ má fi orúkọ pamọ́, kí ọ̀rọ̀ kan náà má sì wà níwájú ilé-ẹjọ́ àgbáyé mìíràn. Kò béèrè pé kí a tọ ilé-ẹjọ́ ilé tán. Nígbà tí Hadijatou Mani Koraou, obìnrin tí wọ́n tà sí oko ẹrú ní ọmọdé, pe orílẹ̀-èdè Niger lẹ́jọ́ níbẹ̀, Niger ké gbàjarè pé ilé-ẹjọ́ ilé kò tíì parí iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ kò gbà, ó dá obìnrin náà láre ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 10 owó CFA fún un. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú ECOWAS, nítorí náà ọ̀nà Àbújá ṣí sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì. Kìkì pé ẹni tí ó bá tọ̀ ọ́, tí ó sì gba ìdájọ́ níbẹ̀, kò lè tún gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí Arusha. Jean-Claude Roger Gombert dán an wò sí Côte d'Ivoire, Arusha sì kọ̀ ọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2018 nítorí pé Àbújá ti dá a.

Bákan náà ni ó rí bí ó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni ó ti sọ̀rọ̀. Dexter Johnson wà lábẹ́ ìdájọ́ ikú ní Gánà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Arusha pàṣẹ pé kí Gánà má ṣe pa á títí ẹjọ́ rẹ̀ yóò fi parí, nítorí irú àṣẹ kánjúkánjú bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ọ̀rọ̀ ìgbàwọlé. Ẹni tí ó bá rí àṣẹ náà lè rò pé ẹjọ́ ti wọlé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí àwọn adájọ́ wá dé ibi ìbéèrè kejì, wọ́n rí i pé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti dáhùn ọ̀rọ̀ kan náà láàárín ọkùnrin kan náà àti orílẹ̀-èdè kan náà. Wọ́n ní ẹjọ́ náà kò ṣeé gbà wọlé, wọn kò sì dé orí ìbéèrè kẹta.